Ìdíje La Ní, Líìgì Ni A Kò Ní: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Eré Sọ́fítíbọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn òbí àti olùkọ́ ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Àbújá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nínú ìwé tí ẹ fi pè mí ni pé kí ló dé tí àwọn ọmọbìnrin wa fi ń gba ife-ẹ̀yẹ sọ́fítíbọ́ọ̀lù nílé-ìwé tán tí a kì í sì í gbúròó wọn mọ́. Ìdáhùn mi kò gùn, mo sì fẹ́ fi í síwájú kí ẹ lè máa fi wọn gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ilé-ìwé tí mo ti kọ́ni ní eré ìdárayá ní agbègbè yìí, ìdíje la ní, líìgì ni a kò ní. A mọ bí a ti ń ṣe ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta: a ó rán aṣọ, a ó pe àwọn ènìyàn pàtàkì, a ó ya fọ́tò, a ó sì pín ife. Ṣùgbọ́n eré tí ọmọ yóò máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sátidé dé Sátidé, níwájú rẹfirí tó mọ òfin, tí ẹnì kan sì ń kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, òun ni a kò tíì gbé kalẹ̀.

Fún àwọn tí kò tíì rí eré náà rí, ikọ̀ méjì ni, ẹni 9 sì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Ajùbọ́ọ̀lù yóò yí apá rẹ̀ po, yóò sì ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀. Ẹnì kan nínú ikọ̀ kejì yóò fi ọ̀pá gbá a, yóò sì sáré yí béèsì mẹ́rin ká, ìyẹn àwọn ibi tí a sàmì sí nílẹ̀, èyí tó jìnnà síra wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 60. Bí ó bá yí i ká dé ibi tó ti gbéra, ikọ̀ rẹ̀ ní àmì kan. Nígbà tí àwọn tó wà ní pápá bá ti mú ẹni mẹ́ta jáde, wọn yóò pààrọ̀ ipò, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àǹfààní méje láti gbá bọ́ọ̀lù kí eré tó parí. Ó ti mọ́ wa lára láti máa pe ìpàdé ikọ̀ méjì ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, nítorí pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ahọ́n wa. Nínú eré yìí, ojú àti ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí náà ìfigagbága ni n ó máa pè é. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, nítorí pé bọ́ọ̀lù náà kò rọ̀ rárá lóde òní.

Ó rọ̀ nígbà kan. Ní Chicago ní ọdún 1887, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń dúró de èsì eré tó wáyé láàrin ilé-ẹ̀kọ́ Yale àti Harvard. Wọ́n di ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ kan ní rúbútú, wọ́n sì ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gbá a nínú ilé nítorí òtútù. Ọ̀kan nínú wọn, George Hancock, kọ òfin sílẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí eré náà fi bọ́ sí ìta tí ó sì tàn ká, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, kódà orúkọ rẹ̀ kò bára mu láti ibì kan dé òmíràn. Ọdún 1926 ni Walter Hakanson sọ ọ́ ní sọ́fítíbọ́ọ̀lù, ọdún 1933 sì ni ìdíje ńlá kan wáyé ní Chicago tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí yóò so òfin pọ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 50 láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré títí di ọjọ́ tí ikọ̀ ìlú kan lè bá ti ìlú mìíràn ṣe é láìjà lórí òfin. Àwa bá òfin nílẹ̀ ní títẹ̀ jáde. Iṣẹ́ tó le jù nínú rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ti bá wa ṣe é.

Ní ọdún kan, mo kó ọmọbìnrin 14 láti ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà lọ sí ìdíje kan ní àríwá. Oṣù mẹ́rin la fi gbaradì, nínú ọyẹ́, nígbà tí eruku bo pápá tí ètè gbogbo wa sì là. A gbéra ní ìdájí, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé, orí ẹní nínú kíláàsì la sì sùn. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la bọ́ sí pápá. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá, wọ́n ti nà wá ní 7 sí 6, wọ́n sì ti fa ìlà sórí orúkọ wa lára pátákó. Ìdíje ṣì ku ọjọ́ méjì ààbọ̀. Ọmọ Kàbbà kan tó máa ń ṣọ́ béèsì kejì bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ó ti tán nìyẹn?” Mo ní ó ti tán. Ó wo ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí ó ṣe ń rí ni.” N kò bá àwọn tó ṣètò ìdíje náà wí, nítorí pé bí gbogbo wa ti ń ṣe é nìyẹn, èmi alára sì ti ṣètò irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Bí ikọ̀ 8 bá wá sí ìdíje tí ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan yóò máa lọ sílé, ìfigagbága 7 péré ni yóò wáyé. Ikọ̀ 4 nínú wọn yóò ṣeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó sì gba ife pàápàá kò ní ṣe ju mẹ́ta lọ. Bí a bá sọ pé ó di ìgbà tí ikọ̀ bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lọ, ìfigagbága yóò di 14 tàbí 15, kò sì ní sí ọmọ tí yóò ṣeré ẹ̀ẹ̀kan péré kí ó tó wọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ikọ̀ 8 yìí kan náà bá bá ara wọn pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní líìgì, ìfigagbága 28 ni yóò wáyé, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì ṣe 7, títí kan èyí tó gbé ipò kẹjọ. Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ náà túmọ̀ sí. Ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kan ń fún ẹni tó ti mọ eré náà ní eré sí i, ó sì ń gba eré lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ jù. Ọmọ tó fìdí rẹmi ní 7 sí 6 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n òun gan-an la lé lọ sílé.

Àwọn tí ìdíje wọn lókìkí jù ní àgbáyé mọ èyí. Ní gbogbo ìgbẹ̀yìn oṣù Èbìbí ní Oklahoma City ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà ti ń ṣe àṣekágbá ìdíje sọ́fítíbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Láti ọdún 1990 ni ó ti wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí ọdún 1996 nìkan. Ikọ̀ 64 ni wọ́n ń pè. Wọ́n á pín wọn sí ibùdó 16, mẹ́rin mẹ́rin, kò sì sí èyí tó ń lọ sílé níbẹ̀ títí yóò fi fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn 16 tó bá yege yóò pàdé ní méjì méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ló ń tẹ̀ síwájú. Àwọn 8 tó bá kù ló ń dé Oklahoma City, òfin ìfìdírẹmi ẹlẹ́ẹ̀mejì á tún máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi ku ikọ̀ méjì, àwọn náà á sì figagbága títí ọ̀kan yóò fi borí lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ̀ Yunifásítì Oklahoma gba ife náà ní ọdún mẹ́rin léra wọn, láti 2021 dé 2024, kí ti Texas tó gbà á ní 2025. Kò sí ikọ̀ tó lè fi oríire gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin léra wọn. Ẹ sì rántí pé kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn 64 yìí, ó ti ṣeré tó 50 nínú líìgì rẹ̀ àti lóde rẹ̀ láti oṣù Èrèlé. Líìgì ni ìyá, ife-ẹ̀yẹ ni ọmọ. Àwa ń wá ọmọ láìní ìyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Little League, tí Carl Stotz dá sílẹ̀ ní Williamsport ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọdún 1939 fún béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọkùnrin, ṣí ẹ̀ka sọ́fítíbọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní ọdún 1974. Nínú ètò wọn, ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ kì í dojú kọ ajùbọ́ọ̀lù rárá. Orí òpó kékeré kan ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé kí ó gbá a. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, bọ́ọ̀lù tí àyíká rẹ̀ jẹ́ ínṣì 11 ni wọn yóò fún un, ajùbọ́ọ̀lù yóò sì dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 35 sí i. Nígbà tí ó bá tó ọmọ ọdún 11 tàbí 12, bọ́ọ̀lù yóò di ínṣì 12, ibi ìjù yóò di ẹsẹ̀ bàtà 40. Lẹ́yìn náà ni yóò dé ẹsẹ̀ bàtà 43, tí àwọn àgbà obìnrin ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé a kì í gbé ọkọ́ àgbà lé ọmọdé lọ́wọ́ kí a tún máa bú u pé kò mọ oko ro. Bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń ṣe ní pápá ilé-ìwé wa nìyẹn, nígbà tí ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 15 ń gbá bọ́ọ̀lù kan náà láti ọ̀nà jíjìn kan náà.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kóòṣì kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ wá sí pápá kí ó sì fi í sórí bẹ́ǹṣì títí eré yóò fi parí: ọmọ kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ dúró ní pápá fún ìwọ̀n àkókò kan, ó sì gbọ́dọ̀ di ọ̀pá mú lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Mo mọ̀ pé kóòṣì tó fẹ́ borí ní dandan kò ní fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún kóòṣì láti pinnu.

Ọ̀rọ̀ apá ọmọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan gbà pé ìjù láti ìsàlẹ̀ kì í pa ajùbọ́ọ̀lù lára, nítorí náà wọ́n á jẹ́ kí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ju bọ́ọ̀lù nínú gbogbo eré tí ikọ̀ rẹ̀ bá ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta lóòjọ́. Mo ti fọwọ́ kan èjìká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo mọ bí ó ṣe gbóná tó. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Beijing ní ọdún 2008, Yukiko Ueno ti Japan ju bọ́ọ̀lù 413 ní ọjọ́ méjì, nínú ìfigagbága mẹ́ta. Amẹ́ríkà kọ́kọ́ borí wọn. Ètò ìdíje náà fún àwọn tó wà lókè tábìlì ní àǹfààní kejì, nítorí náà Japan bọ́ sí pápá ní ọjọ́ kan náà, wọ́n borí Australia lẹ́yìn àǹfààní 12 dípò 7, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì na Amẹ́ríkà ní 3 sí 1. Àgbà obìnrin ni, ẹni tí líìgì orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lára. Ní Tokyo ní ọdún 2021, ọmọ ọdún 39 ni nígbà tí ó tún bá Japan gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, 2 sí 0, síbẹ̀ ajùbọ́ọ̀lù tó kéré sí i, Miu Goto, ni ó wọlé láti gbà á sílẹ̀ láàrin eré náà. Ìdíje tí a ká gbogbo rẹ̀ jọ sí ọjọ́ mẹ́ta ń béèrè ohun tí Ueno ṣe lọ́wọ́ ọmọ ọdún 13. Líìgì tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń fún èjìká ní ọjọ́ mẹ́fà láti sinmi.

Lórí àwọn tó ń fi eré náà jẹun, ọ̀rọ̀ kò pọ̀, nítorí pé ọ̀nà náà kò tíì dán. Billie Jean King, olókìkí nínú eré tẹ́níìsì, àti Joan Joyce, ajùbọ́ọ̀lù ńlá, wà lára àwọn tó dá líìgì àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ń gbowó ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Ọdún mẹ́rin ló lò. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó sì kógbá sílé ní 2021. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, AUSL (Athletes Unlimited Softball League), fi ikọ̀ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ní 2025, àjọ líìgì ńlá béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sì ti fi owó sí i. Japan gba ọ̀nà mìíràn: àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ni àwọn ikọ̀, wọ́n á gba ọmọ síṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ kí ó máa ṣeré. Ikọ̀ 16 ló wà nínú líìgì tuntun wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Lójú tèmi, ti Japan ni ó bá wa mu jù, nítorí pé a ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa nígbà tí báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ìjọba máa ń ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù tiwọn. Síbẹ̀ ibi tí èrò àti owó pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà ni yunifásítì, láti ìgbà tí òfin ọdún 1972 ti sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba kò gbọ́dọ̀ yọ obìnrin sẹ́yìn. Ní 2024, ajùbọ́ọ̀lù kan, NiJaree Canady, gba àdéhùn tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ fún ọdún kan ní Texas Tech, kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. N kò sọ èyí kí òbí kankan lè máa lá àlá dọ́là. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn òbí kan ti bi mí bóyá eré yìí lè gbé ọmọ dé ibì kankan.

Ní ti ilẹ̀ wa, a kì í ṣe àjèjì sí ìdílé eré yìí. Nígbà tí Àbújá gbàlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2003, béèsìbọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, pápá ìṣeré tí wọ́n kọ́ fún un, tó ń gba ènìyàn 60,000, ni a ń pè ní Pápá Ìṣeré Moshood Abíọ́lá lónìí. Ọmọ Yorùbá, Ọ̀gágun Ishola Williams tó ti fẹ̀yìn tì, ló darí àjọ béèsìbọ́ọ̀lù àti sọ́fítíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sọ́fítíbọ́ọ̀lù yóò padà sí Òlíḿpíìkì ní 2028. Los Angeles ni wọ́n gbé ìdíje náà fún, ṣùgbọ́n Oklahoma City ni wọn yóò ti ṣe sọ́fítíbọ́ọ̀lù. Eré kékeré kan sì tún wà tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, Baseball5, tí àjọ àgbáyé gbé jáde ní 2017: ẹni márùn-ún ní ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù rọ́bà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá a, kò sí ọ̀pá, kò sí ìbọ̀wọ́. Ó wà nínú Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ tí a gbé fún Dakar ní 2026, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé-ìwé tí kò ní owó ohun èlò rárá lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni ilé-ìwé 8 àti Sátidé méje. Ilé-ìwé wà ní Kubwa níbí, ó wà ní Dutse Alhaji, ní Bwari, ní Gwarinpa. Kò sí èyí tí bọ́ọ̀sì kò lè fi òwúrọ̀ dé kí ó sì padà kí oòrùn tó mú. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ń rọlẹ̀, a ó ti parí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìfigagbága mẹ́rin ni lọ́sẹ̀ kan, ní aago méje òwúrọ̀. Ní Sátidé kẹjọ, kí àwọn mẹ́rin tó wà lókè tábìlì du ife, kí a sì pe àwọn ènìyàn pàtàkì nígbà náà, kí a ya fọ́tò, nítorí pé n kò lòdì sí ife.

Béèsì kò ní owó tí yóò ná wa: àpò ìrẹsì tí a rọ iyanrìn sí dáa tó. Ìbọ̀wọ́ ṣe é yá lọ́wọ́ ara ẹni, nítorí pé ikọ̀ kan ló ń wà ní pápá lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n akoto àti ohun ìbojú kò ní àrọ́pò. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ọdún 2012, bọ́ọ̀lù tí Monica Abbott jù sáré tó máìlì 77 ní wákàtí. Ti àwọn ọmọ wa kò lè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 40 kò jìnnà, bọ́ọ̀lù tó sì padà láti ara ọ̀pá máa ń yára ju èyí tí a jù lọ. Àwọn òbí Mùsùlùmí tó wà níbí ti béèrè nípa ìbòrí: akoto ń gba orí ìbòrí tó bá fún mọ́ orí dáadáa, àwọn ọmọ mi sì ti fi wọ́n ṣeré láìsí wàhálà kankan.

Èyí tó kù ni ẹni tí yóò kọ àkọsílẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ìwé yìí ló ń sọ eré di líìgì. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí ọmọ gbá, gbogbo béèsì tí ó dé, ẹni tó mú un jáde, àmì wà fún un, ọ̀sán kan sì tó láti kọ́ ọ. Olùkọ́ ìṣirò méjì ti gbà láti bá mi ṣe é. Ọmọ Kàbbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe eré kan ṣoṣo nínú ìdíje, ó sì gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Orí mi nìkan ni ìyẹn wà, kò sí ìwé kankan tí kóòṣì yunifásítì lè ṣí kí ó rí i.

Mo ti gbé ìwé kan sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn ilé-ìwé tó bá fẹ́ kópa. Ilé-ìwé mẹ́ta ti kọ orúkọ sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àyè márùn-ún ló kù.